Ta Ló Sọ Pé Ohùn Kan Ṣoṣo Ni Gìtá Ní?

Mo mọ̀ pé ẹ ò pè mí kí n wá sọ ohun tí gìtá jẹ́ fún yín. Okùn mẹ́fà ló ní. Bí wọ́n ṣe ń tò ó níbi gbogbo, láti orí okùn tó nípọn jù dé orí èyí tó tín-ín-rín jù, E, A, D, G, B, E ló ń dún. Ètò yòówù tó bá yàtọ̀ sí ìyẹn ni mò ń pè ní ìtohùn àrà lálẹ́ òní. Ìtumọ̀ parí síbẹ̀. Ẹni tí kò bá yé, kó bi ẹni tó jókòó tì í.

Ìjà àtijọ́ kan ló gbé mi dé orí pèpéle yìí. Láti ìgbà èwe mi ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé orin pé onígìtá tó bá ń dẹ okùn rẹ̀, ọ̀lẹ ni. Pé kò fẹ́ kọ́ kọ́ọ̀dù ló ṣe fẹ́ kí okùn máa dá a dún fún un. Àgbà kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa nígbà náà. Bó bá ti to gìtá tán, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lọ́ okùn rẹ̀ mọ́. Gìtá tó bá dún yàtọ̀, "ó ti bàjẹ́" ló máa ń wí. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan, mo sì rí méjì nínú wọn níwájú níbẹ̀ yẹn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Mò ń bọ̀ lórí yín.

Èmi gbà pé ọwọ́ ló ń yan ìtohùn kó tó kan etí. Okùn wo ni mo lè fi sílẹ̀ kó máa dún, kí ìka mi lè ráyè ṣe nǹkan mìíràn? Ìbéèrè onígìtá nìyẹn. E, A, D, G, B, E pàápàá kò ti ọ̀run wá. Àlàfo márùn-ún ló wà láàárín okùn mẹ́fà. Mẹ́rin dọ́gba, èyí tó wà láàárín G àti B nìkan ló kéré sí wọn. Wọ́n dín in kù kí ọwọ́ má bàa fà ya lórí kọ́ọ̀dù. Àdéhùn ni wọ́n ṣe, ẹni tí àdéhùn kò bá sì tẹ́ lọ́rùn a máa tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Hawaii, níbi tí wọ́n ti tún un ṣe. Àwọn tó ti gbọ́ mi rí ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni mò ń lọ. Ní 1793, George Vancouver, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi láti Ìlú Ọba, kó màlúù wá fún Ọba Kamehameha Kìíní. Ọba fi èèwọ̀ lé pípa wọn. Màlúù bí sí i, wọ́n rẹ̀, wọ́n di ẹran ìgbẹ́ tó ń ba oko olóko jẹ́. Ní àwọn ọdún 1830, Kamehameha Kẹta ránṣẹ́ pe àwọn darandaran elẹ́ṣin láti Mẹ́síkò kí wọ́n wá kọ́ àwọn èèyàn òun níṣẹ́ màlúù. Àwọn yẹn gbé gìtá dání. Ìtàn ibẹ̀ sọ pé nígbà tí wọ́n padà sílé, gìtá mélòó kan kù sílẹ̀, olùkọ́ kò kù. Ni àwọn onílé bá to okùn náà bá orin ẹnu tiwọn mu. Kī hōʻalu ni wọ́n ń pè é.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú rẹ̀ nìyí, ẹ gbé e lọ sílé. Ẹ dẹ okùn kẹfà láti E sí D, ẹ dẹ ìkarùn-ún láti A sí G, ẹ dẹ ìkíní láti E sí D. Ẹ má fọwọ́ kan mẹ́ta yòókù. Ẹ gbá a láìtẹ nǹkan kan: kọ́ọ̀dù G ti délẹ̀. Àtàǹpàkò á máa lu béèsì láìdúró, ọwọ́ òsì tí kò ní ohun tó ń dì mú níbẹ̀ á sì máa fi orin dárà lórí àwọn okùn tín-ín-rín. Ẹnì kan ló jókòó, ẹ ó rò pé méjì ni.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi á ní, "Ṣé o rí i? Ìrọ̀rùn ló ń wá." Ó dáa. Ẹ wá tún dẹ okùn kẹta láti G sí F ṣáàpù. Wahine ni wọ́n ń pe irú ìtohùn yìí. Bí ẹ bá gbá a báyìí láìtẹ nǹkan kan, kọ́ọ̀dù G lásán kọ́ ló ń dún mọ́. Ìka gbọ́dọ̀ ta lu okùn kẹta kí F ṣáàpù tó gòkè di G, àìmọye ìgbà nínú orin kan. Ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ wá iṣẹ́ kún iṣẹ́, ọ̀lẹ rẹ̀ dà? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi wọ́n, wọn ò tíì dá mi lóhùn.

Nígbà kan ní Hawaii, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìtohùn tirẹ̀, wọ́n sì máa ń fi í pamọ́. Àwọn àgbà kan máa ń dẹ gbogbo okùn kí wọ́n tó gbé gìtá sílẹ̀, kí àlejò má bàa yọjú wo àṣírí. Gabby Pahinui, onígìtá Hawaii, gba orin "Hiʻilawe" sílẹ̀ nínú àwo ní 1946, ayé gbọ́. Nígbà tó fi máa di 1973 tí Keola Beamer, onígìtá Hawaii mìíràn, tẹ ìwé ìkọ́ni jáde, àṣírí ti ń di ẹ̀kọ́.

Alága ti ń wo aago, ẹ jẹ́ kí n yára kúrò ní Hawaii. Joni Mitchell, olórin ọmọ Kánádà: àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ kọlù ú ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lágbára tó. Ìtohùn tó lò ju 50 lọ. Wàhálà ni lórí ìtàgé, nítorí gbogbo orin ló fẹ́ kí wọ́n tún gìtá tò; ní àárín àwọn ọdún 1990 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ Roland VG-8, tó ń yí ohùn padà láìfọwọ́ kan okùn. Àwọn alátakò mi máa ń fi í ṣe ẹ̀rí pé àìlera ọwọ́ ló fà á. Mo gbà fún wọn. Ṣebí ọwọ́ náà ni mò ń sọ láti àárọ̀.

Àwọn olórin blues tó ń fa ọrùn ìgò lórí okùn nílò kọ́ọ̀dù tó ti wà nílẹ̀, torí pé ọrùn ìgò kì í tẹ̀ bí ìka. Keith Richards, onígìtá rọ́ọ̀kì, tiẹ̀ yọ okùn kẹfà dànù pátápátá, ó ku G, D, G, B, D.

Gìtá irin, tí wọ́n ń fa irin lórí okùn rẹ̀ bí ọrùn ìgò, tí Joseph Kekuku mú gbajúmọ̀ láti Hawaii náà ló bí èyí tí Demola Adepoju lò nínú àwo "Juju Music" ti King Sunny Adé ní 1982, àti nínú "Graceland" ti Paul Simon ní 1986. Ẹsẹ̀ ló fi ń yí ohùn okùn padà nígbà tó ń dún lọ́wọ́, bí onílù ṣe ń fún ọṣán dùndún.

Stanley Jordan, onígìtá jáàsì, ṣe òdìkejì gbogbo wọn: E, A, D, G, C, F. Kò sí kọ́ọ̀dù kankan nílẹ̀ fún un, gbogbo àlàfo dọ́gba, ohun tí ìka bá kọ́ níbì kan á bá a níbi gbogbo. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí D'Gary ará Madagascar, tó ń mú gìtá dún bí ohun èlò ilé wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti fún mi ní ìwé pélébé pé àkókò mi ti tán.

Gìtá méjì ló wà lẹ́yìn mi yìí. Ọ̀kan wà ní E, A, D, G, B, E. Èkejì wà ní wahine. Ọmọkùnrin onígìtá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí á ta orin kan náà lórí méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin méjì iwájú ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè.