Ẹ́ríà Tí Kì í Yí Ọrùn

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí jọ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan ẹni tó ń wa ọkọ̀, ó sì kan ẹni tó ń dúró ti ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Lánlátẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ibẹ̀ ni wọ́n gbé díìṣì irin ńlá kalẹ̀ sí, tí Nàìjíríà fi ń bá ìlú òkèèrè sọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì. Bí irú díìṣì bẹ́ẹ̀ yóò bá kọjú síbòmíràn, mọ́tò iná ni yóò yí i, gíríìsì ni yóò jẹ́ kó yí wẹ́rẹ́, òṣìṣẹ́ ni yóò sì máa tọ́jú gbogbo rẹ̀. Kékeré tí wọ́n ń gbé sórí ọkọ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ máa yí ọrùn nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá yà. Ẹ̀yin awakọ̀ sì mọ ohun tí kòtò ojú ọ̀nà wa ń fi ojú bẹ́árìn rí.

Ohun tó dé wàyí ni ẹ́ríà pẹlẹbẹ tí kì í yí ọrùn rárá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní liquid crystal. Kì í ṣe àjèjì sí wa: òun ló ń kọ nọ́ńbà sójú ẹ̀rọ ìṣirò, òun náà ló wà lójú ọ̀pọ̀ páńpù epo. Ní ọdún 1888, Friedrich Reinitzer, onímọ̀ nípa ewéko ní ìlú Prague, ń yọ́ nǹkan kan lórí iná. Nígbà tí ooru dé nǹkan bí 145 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó yọ́, ṣùgbọ́n ó rú bí omi ògì. Ó di nǹkan bí 178 kó tó mọ́ gaara. Ohun tó ń ṣàn bí omi ni, síbẹ̀ àwọn èérún inú rẹ̀ tò bí ìgbà tí igi ìṣáná tò sínú páálí.

Bí a bá fi iná mànàmáná díẹ̀ kàn án, àwọn igi ìṣáná yìí yóò yí padà. Ìgbì rédíò kì í sì í yára bákan náà bí wọ́n bá nà gbọọrọ síhìn-ín tàbí bí wọ́n bá dábùú. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà wà. Ẹ rántí ìwọ́de ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Bí ìlà wa bá dé kọ́nà, ẹni tó wà nínú a máa rọra tẹ̀, ẹni tó wà lóde a máa gbé ẹsẹ̀ gígùn, gbogbo ìlà á sì yà láìdàrú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fa ìgbì apá kan ẹ́ríà sẹ́yìn díẹ̀, tí gbogbo ìgbì yóò yà sọ́nà tí sátẹ́láìtì wà. Kò sí mọ́tò, kò sí gíríìsì.

Ní ìlú Darmstadt ní Jámánì, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yunifásítì ibẹ̀ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Merck tó wà nílùú kan náà sì po oríṣi liquid crystal tó bá ìgbì yìí mu. Ní Amẹ́ríkà, Kymeta gba ọ̀nà mìíràn: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú kéékèèké ni wọ́n tò, liquid crystal ló sì ń pinnu bí ojú kọ̀ọ̀kan yóò ṣe tú ìgbì jáde tó. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, Toyota fi ọkọ̀ tí wọ́n gbé ẹ́ríà náà sí hàn ní Detroit.

Ó ní àléébù o. Bí ìpele liquid crystal bá nípọn ní ìlọ́po méjì, yóò lọ́ra ní ìlọ́po mẹ́rin kó tó padà sí ipò rẹ̀. Òtútù ń mú un lọ́ra. Bí ooru bá sì kọjá àlà, ìtò rẹ̀ yóò dàrú pátápátá. Oòrùn ọ̀sán lórí páànù bọ́ọ̀sì kì í ṣe eré. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún wa, kí ó kọ́kọ́ sọ ìwọ̀n ooru tó lè gbà.

Ní ti iṣẹ́, dígí méjì tí wọ́n fi liquid crystal sáàárín wọn ni, bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Ìdí nìyí tí Kymeta fi bá Sharp ti Jàpáàn ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Sharp tó wà ní Sakai dẹ́kun ṣíṣe dígí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Lójú tiwa, ẹ́ríà lè gba díẹ̀ lára irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gba gbogbo wọn, nítorí ilé tó ń ra tẹlifíṣọ̀n pọ̀ ju ọkọ̀ tó ń ra ẹ́ríà lọ. Ẹni tó ń tún mọ́tò díìṣì ṣe ńkọ́? Iṣẹ́ tirẹ̀ ni ẹ́ríà yìí ń lé lọ tààrà.

Ẹ̀yin awakọ̀, ọkọ̀ tó bá gbé e yóò máa bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ níbi tí òpó fóònù kò dé. Bí ọkọ̀ bá kú sínú igbó lóru, ẹ lè pe ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ọ̀gá fi lè rí ibi tí ẹ dúró àti iye ìṣẹ́jú tí ẹ fi jẹun. A ń bẹ ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa pé kí ẹ́ríà náà tó dé orí ọkọ̀ èyíkéyìí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn: ta ni yóò máa wo àkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀, yóò ti pẹ́ tó lọ́wọ́ wọn, àti pé a kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ gé owó ẹnikẹ́ni láìpe ẹgbẹ́.