Ohun Tó Wà Nínú Agolo

 

Màmá mi ní agolo Bournvita kan nílé. Ó ti pẹ́ tí Bournvita ti tán nínú ẹ̀. Tíì olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n máa ń dà sí i, wọ́n á wá gbé e síwájú àlejò. Kò sí àlejò tó fura rí! Mo rántí agolo yẹn nígbà tí àbúrò mi obìnrin lọ yáwó ra nǹkan ìkómọ. Ó ní ojú á ti òun bí wọ́n bá rí ṣúgà tí kò lórúkọ. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí, gbèsè ò tíì tán.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú iyọ̀ ọlọ́rúkọ tí kò sí nínú èkejì? Láti 1993 lòfin ti ní kí iyọ̀ tí à ń jẹ ní Nàìjíríà ní áyódíìnì nínú, nítorí gẹ̀gẹ̀. Ní 2002, wọ́n tún ní kí fítámì A wà nínú ṣúgà, fúláwà àti òróró. Òfin ò sọ pé èyí tó wọ́n nìkan. Nọ́ńbà NAFDAC ni kẹ́ ẹ wò, àti ọjọ́ tó máa bà jẹ́, àti ìwọ̀n. Ìwọ̀n yẹn gan-an ni wọ́n fi ń mú wa. Ká ní pákẹ́ẹ̀tì gíráàmù 400 jẹ́ ₦2,000, tí ti 350 jẹ́ ₦1,900. Ẹ ṣírò ẹ̀: gíráàmù 100 jẹ́ ₦500 nínú ti àkọ́kọ́, ó sì lé ní ₦540 nínú èyí tẹ́ ẹ rò pé ó pọ́ọ́kú.

Èlùbọ́ wa ńkọ́? Ta ló béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é rí? A máa ń wò ó, a máa ń gbóòórùn ẹ̀, a sì mọ ẹni tó lọ̀ ọ́.

Mi ò ní kẹ́ ẹ ra gbogbo ohun tó bá ti pọ́ọ́kú o. Mílíìkì mìíràn wà tó jẹ́ pé òróró ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rá màlúù. Kì í ṣe májèlé, àmọ́ kì í ṣe ohun kan náà; ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀. Òróró inú kẹ́ẹ̀gì tí kò ní àkọlé kankan, èmi ò ní rà á.

Ẹ̀yin ti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wo ara mílíìkì tàbí ṣíìsì tí Tesco tàbí Aldi fi orúkọ ara wọn tà. Àmì kékeré kan tó rí bí ẹyin wà níbẹ̀ tó ní nọ́ńbà nínú. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é tàbí tí wọ́n ti dì í. Bó bá bá ti ọlọ́rúkọ mu, ibì kan náà ni wọ́n ti ṣe méjèèjì tàbí tí wọ́n ti dì wọ́n.

Ó tó gẹ́ẹ́. Wáìnì tí kò lọ́tí méjì wà lórí tábìlì yẹn, mo ti fi ìwé ìròyìn wé ìgò wọn. Owó ọ̀kan ju ìlọ́po méjì èkejì lọ. Ẹ tọ́ méjèèjì wò, kẹ́ ẹ kọ 1 tàbí 2 sórí bébà. Akọ̀wé nìkan ló mọ èyí tó wọ́n, kò sì ní sọ títí a ó fi ka ìbò tán.