Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Wa, Ẹnu Wa

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa ní Ọ̀tà àti Ṣàngó,

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì la gbé wá lónìí. À ń san án, yálà ọjà tà, yálà kò tà. Ẹni tó ń sanwó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí wọ́n fi í ṣe. Èyí kì í ṣe àfojúdi.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fi ọ̀rọ̀ ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìyàgbẹ́ àti kíkó ìdọ̀tí sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Tiwa ni Adó-Odò/Ọ̀tà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989. Ní oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, pé àwọn tí aráàlú dìbò yàn ló gbọ́dọ̀ máa ṣàkóso ibẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà la dìbò káńsù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ta ni káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù tiyín? Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ta ló fẹ́ ké sí bí gọ́tà bá dí?

Ẹ má sọ pé, "Obìnrin ni wá, kí la lè ṣe?" Ní 1947, àwọn ìyá ọlọ́jà l'Abẹ́òkúta tẹ̀lé Ìyá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, wọ́n ní àwọn ò san owó orí mọ́ nígbà tí àwọn ò lẹ́nu nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ọ̀rọ̀ náà le títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949, kó tó padà ní 1950. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀.

Àwa ò ní kẹ́nikẹ́ni má san tíkẹ́ẹ̀tì o. Ohun tí a ní ká ṣe nìyí: kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, aláta, aláṣọ, ẹlẹ́ja, yan ẹni méjì. Ẹ tọ́jú tíkẹ́ẹ̀tì yín, ẹ má jù ú nù. Tóṣù bá parí, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó wá kọ̀wé sí káńsù: èló ló wọlé láti ọjà wa, kí ni wọ́n fi ṣe? Òfin 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí ìjọba ń ṣe ní kí wọ́n dáhùn láàárín ọjọ́ 7. Ní 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀. Bí wọ́n bá sì pe aráàlú sípàdé ètò ìṣúná, ká má fi ti ọkùnrin nìkan ṣe. Ká lọ jókòó níwájú.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ". À tà jèrè o.