Ọmọ-Iṣẹ́ Tí Ó Ń Ka Ìwé Tí Ó Ń Dì

Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò kí a máa fi itọ́ bọ́jú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ láàrin ìwé, tí wọ́n ń tò ó, tí wọ́n ń nu eruku ara rẹ̀, tí wọ́n sì ń yá a fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣí i wò. Ìtàn ọmọ kan tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Michael Faraday ni orúkọ rẹ̀.

Ní ọdún 1791 ni a bí i ní ẹ̀bá ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n àìlera kò jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ déédéé. Ní 1801, nígbà tí oúnjẹ wọ́n gógó, búrẹ́dì kan ṣoṣo ni a ń fún Michael láti jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní ilé-ẹ̀kọ́, kò kọ́ ju kíkà, kíkọ àti ìṣirò díẹ̀ lọ.

Ní 1804, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jíṣẹ́ fún Ọ̀gbẹ́ni George Riebau, ẹni tí ń ta ìwé, tí ó sì ń di ìwé. Ọ̀gá yìí a máa fi ìwé ìròyìn yá àwọn oníbàárà. Michael ni ó ń gbé e dé ojúlé wọn, òun náà ni ó sì ń padà lọ gbà á bí wọ́n bá kà á tán. Ní 1805, ọ̀gá gbà á ní ọmọ-iṣẹ́ fún ọdún méje láìgba owó ìkọ́ṣẹ́, nítorí òtítọ́ inú tí ó fi jíṣẹ́.

Kí ni ọmọ yìí fẹ́ràn láti kà? Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tí kì í kà nínú ìwé tí a bá gbé wá fún dídì. Nígbà tí ó dàgbà, ó jẹ́wọ́ pé ìtàn àròsọ ilẹ̀ Lárúbáwá rọrùn fún òun láti gbà gbọ́ bí ìwé ìmọ̀. Ohun tí ó gbà á sílẹ̀ ni pé kì í gba ọ̀rọ̀ kan láìwádìí rẹ̀.

Ìwé méjì ni ó mú ọkàn rẹ̀ jù lọ. Èkíní ni ìwé ńlá Encyclopaedia Britannica, nínú èyí tí ó ti ka àlàyé lórí iná mànàmáná. Èkejì ni ìwé tí Ìyáàfin Jane Marcet kọ lórí ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1806. Michael kò kàn kà wọ́n kí ó pa wọ́n dé. Kọ́bọ̀ díẹ̀ tí ó bá rí ní ọ̀sẹ̀ ni ó fi ń ra ohun èlò. Ìgò lásán ni ó kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rọ kékeré tí ń mú mànàmáná jáde. Nígbà tí ó rí i pé ohun tí Ìyáàfin Marcet kọ bá ohun tí ojú òun rí mu, ó di ìwé náà mú ṣinṣin.

Ìwé kẹta, tí Isaac Watts kọ, ni ó kọ́ ọ ní ìwà ìkàwé: kí ènìyàn ní ìwé àkọsílẹ̀, kí ó máa gbọ́ àsọyé àwọn ọ̀mọ̀wé, kí ó sì máa bá ẹlòmíràn jíròrò. Michael ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ń da ohun tí ó wúlò kọ láti inú ìwé ìròyìn. Láti 1810, ó ń lọ gbọ́ àsọyé tí owó ìwọlé rẹ̀ jẹ́ ṣílè kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Robert, alágbẹ̀dẹ, ni ó ń bá a san án.

Ní 1812, ọdún méje pé. Ìwé dídì ni oúnjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Oníbàárà kan fún un ní ìwé ìwọlé láti gbọ́ àsọyé Humphry Davy, ọ̀mọ̀wé pàtàkì ní Royal Institution. Michael kọ gbogbo ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀, ó ya àwòrán sí i, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í ní ìwé, ó sì fi ránṣẹ́ sí Davy. Davy yìn ín, ṣùgbọ́n ó gbà á níyànjú pé kí ó má fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí àyè ṣí sílẹ̀. Ní oṣù kẹta 1813, a gbà á sí iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ níbẹ̀.

Ní 1831, ọmọ alágbẹ̀dẹ yìí fi hàn pé bí a bá ń mú irin òòfà rìn nínú wáyà tí a ká, mànàmáná yóò máa ṣàn nínú wáyà náà. Lórí ìmọ̀ yìí ni jẹnẹrétọ̀ gbogbo dúró, títí kan àwọn tí omi ń yí ní Kainji, tí a ṣí ní 1969.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ń bọ̀ ní yàrá ìkàwé, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ àti pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ẹ kọ ohun tí ó yé yín, ẹ sì kọ èyí tí kò yé yín, kí ẹ lè bi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó bá ṣeé dánwò láìséwu, ẹ dán an wò. Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ rántí Ọ̀gbẹ́ni Riebau. Bí ó bá ti já ìwé gbà lọ́wọ́ ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ ni ó wá ṣe, ta ni ó mọ ohun tí ayé ì bá pàdánù? Bí ọmọ bá ti ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kí ó kàwé.