Eku Ilé, Eku Oko àti Ìlera Ìlú Wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ eku ni. Ṣùgbọ́n eku tí ń jẹ gàrí nínú àjà wa lè jẹ ẹ̀mí ènìyàn pẹ̀lú.

Kì í ṣe eyín eku nìkan ni ó yẹ kí á bẹ̀rù. Ní 1894, ní Hong Kong, Alexandre Yersin rí kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, èyí tí ń fa àrùn eku, àrùn tí ń mú kókó wú ní abíyá àti níbi tí itan gbé so mọ́ ara. Ní 1898, Paul-Louis Simond fi hàn pé yọ̀rọ̀ tí ń mu ẹ̀jẹ̀ eku ni ó ń gbé e kiri. Bí eku bá kú, yọ̀rọ̀ a fi òkú rẹ̀ sílẹ̀, a sì wá ẹlẹ́jẹ̀ mìíràn lọ. Nítorí náà, bí eku bá ń kú nílé láìjẹ májèlé, ìkìlọ̀ ni, kì í ṣe ayọ̀. Nínú ènìyàn 10 tí a kò bá tọ́jú, 3 sí 6 ni ó lè kú.

Àrùn yìí wọ Èkó ní 1924, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1931. Ilé tí ó há mọ́ ara wọn àti ààtàn tí a kò kó ni eku fi ṣe ibùgbé. Ní 1928, ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe, a sì wó ọ̀pọ̀ ilé palẹ̀. Ìlú tí kò bá gbá ilẹ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò wá gbá a, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í rọ̀.

Àrùn kejì ni leptospirosis. Inú ìtọ̀ eku ilé àti eku oko ni kòkòrò rẹ̀ ń bá jáde sínú omi àti ẹrẹ̀, a sì máa gba ojú ọgbẹ́, ojú àti ẹnu wọ ara. Ibà, ẹ̀fọ́rí àti ìrora iṣan ẹsẹ̀ ni àmì rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹyinjú a pọ́n bí ìyeyè. Nítorí pé ó jọ ibà ẹ̀fọn, ènìyàn lè máa mu oògùn ibà títí kíndìnrín yóò fi bàjẹ́. Oògùn àrùn méjèèjì wà, bí a bá tètè dé ilé ìwòsàn, tí a sì sọ fún dókítà pé a wọ omi àbàtà tàbí pé a fọwọ́ kan eku.

A kò ní kí ọdẹ má pa òkété mọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ní egbò má kun ẹran ìgbẹ́. Kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Kí ẹran jinná. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán gbé òkú eku. Kí a sì máa dé oúnjẹ àti omi.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé kan bá mọ́, tí ààtàn ilé kejì sì ga, eku yóò kàn máa kó lọ, kó bọ̀ ni. Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ yìí kí ó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún gbogbo àdúgbò láti kó ààtàn, kí a sì la ojú gọ́tà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.