Ọmọ ọ̀pẹ, irọ́ àti àdá: ta ló jẹ gbèsè?



Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀pẹ la fẹ́ sọ lónìí. A ó sì sọ ọ̀rọ̀ àdá mọ́ ọn. Ẹ ó rí ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ẹni tó rà, ká pè é ní Olóko. Ẹni tó tà, ká pè é ní Ọlọ́gbà. Ọlọ́gbà sọ fún Olóko pé: «Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tó wà ní Pobè ni irúgbìn àwọn ọmọ ọ̀pẹ yìí ti wá.» Olóko gbà á gbọ́. Ó ra 143, èyí tó tó hẹ́kítà kan. Ó ṣán oko, ó gbìn ín, ó ń roko rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ọ̀pẹ so, ó la ẹyìn wò. Eepo tó bo ekùrọ́ nípọn, ara ẹyìn tó ń mú epo wá kò tó nǹkan. Ọ̀pẹ ìbílẹ̀ ló kún inú oko!

Àpẹẹrẹ ni, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn àgbẹ̀ ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí ọmọ ọ̀pẹ ṣì kéré, ojú kò lè mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó.

Kí ni òfin sọ? Ìwé òfin ará ìlú tí Faransé ṣe ní 1804 la ṣì ń lò ní Bẹ̀nẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àdéhùn. Abala 1116 sọ pé, bí a bá fi ẹ̀tàn mú ènìyàn ṣe àdéhùn tí kì bá tí ṣe bí kò bá sí ẹ̀tàn náà, adájọ́ lè fagi lé àdéhùn ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní wọ́n tan òun ni yóò mú ẹ̀rí wá.

Adájọ́ yóò kọ́kọ́ bi í pé: kí gan-an ni Ọlọ́gbà sọ? Bó bá ní «Ọ̀pẹ yìí yóò sọ ọ́ di olówó», ìpolówó ọjà nìyẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. «Pobè ni irúgbìn ti wá» yàtọ̀. Òótọ́ ni tàbí irọ́ ni, a sì lè wádìí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà: ṣé Ọlọ́gbà mọ̀ pé irọ́ ni? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ó lè jẹ́ pé lábẹ́ ọ̀pẹ dáadáa kan, tí irú rẹ̀ ti Pobè wá, ló ti ṣa ẹyìn, tó rò pé ọmọ yóò jọ ìyá. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Ní 1941, àwọn olùwádìí ní Yangambi, ní Kóńgò, fi hàn pé ọ̀pẹ eléepo fẹ́lẹ́ jẹ́ ọmọ tí ọ̀pẹ eléepo nípọn àti ọ̀pẹ tí kò léepo bí pọ̀. Bí ìyẹ̀fun òdòdó akọ ọ̀pẹ ìbílẹ̀ bá wá bà lé ọ̀pẹ eléepo fẹ́lẹ́, nǹkan bí ìdajì ọmọ rẹ̀ ni yóò padà di eléepo nípọn. Nínú 143 ti Olóko, ìyẹn tó 71.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Ọlọ́gbà kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Ṣùgbọ́n abala 1382 sọ pé ẹni tó fi ẹ̀bi rẹ̀ kó ẹlòmíràn sí òfò gbọ́dọ̀ tún un ṣe, abala 1383 sì sọ pé àìbìkítà náà wà nínú rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó ń fi ọmọ ọ̀pẹ ṣòwò kò lè ní òun kò mọ̀.

Ṣé ọdún mẹ́rin kò ti pẹ́ jù? Nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn, ọjọ́ tí a rí ẹ̀tàn la ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí a sanwó.

Wàyí o, inú bí Olóko. Ó dé ilé Ọlọ́gbà, ó na àdá sókè: «Owó mi, tàbí orí rẹ!» Kò ṣá a. Ṣé ó ti ṣẹ̀?

Ó ti ṣẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà, tí òfin wọn ti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ẹni tó dẹ́rù ba ènìyàn bí ẹni pé yóò lù ú lójú ẹsẹ̀ lè sanwó fún un, bí ọwọ́ kò tilẹ̀ kàn án. Ní 1669, ẹnì kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́wọ́ lé idà. Ó ní, bí kì í bá ṣe pé àwọn adájọ́ wà nílùú, òun kì bá gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kóòtù ní kò ṣẹ̀, nítorí ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ pé òun kò ní ṣe é. Olóko kò sọ irú ìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa náà, òfin ń fìyà jẹ ẹni tó fi ikú halẹ̀ mọ́ ẹlòmíràn.

Bí Ọlọ́gbà bá wá sá, tó ṣubú, tí apá rẹ̀ ṣẹ́ ńkọ́? Abala 1382 tí Olóko fẹ́ lò náà ni Ọlọ́gbà yóò lò fún un. Olóko ni yóò san owó ilé ìwòsàn. Gbèsè ọmọ ọ̀pẹ ṣì wà lọ́rùn Ọlọ́gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó wá gba owó ti di ẹni tí ọlọ́pàá ń wá.

Kí ni kò bá ti ṣe? Kò bá pe ẹlẹ́rìí wá sí oko, kó la ẹyìn lójú wọn, kó kọ iye ọ̀pẹ tí kò dára sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀dọ̀ olórí abúlé. Bí ìyẹn kò bá yanjú, ilé ẹjọ́ wà ní Pobè.

Ìwé tí Olóko gbà lọ́jọ́ tó rà á ńkọ́? «Ọmọ ọ̀pẹ 143» nìkan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iye owó. Wọn kò kọ ibi tí irúgbìn ti wá. Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ìwé ọjà kan wá láti ilé. A ó kà á pọ̀, a ó sì wá ohun tí kò sí nínú rẹ̀.