Ìkádìí Ẹsẹ Ifá àti Ẹni tí A Dífá Fún

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá kò gùn. Ó dá lórí ìkádìí ẹsẹ Ifá, èyí tí ọ̀pọ̀ awo ń gé kúrú lóde òní.

Nígbà tí ènìyàn bá wá dá Ifá, kì í sọ ohun tó ń dùn ún fún awo. Yóò sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó, yóò gbé e sílẹ̀, yóò sì dákẹ́. Odù yóò yọ, àwa yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹsẹ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbọ́ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Bí a bá wá kì í dé ibi ẹbọ tí a sì dákẹ́, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé tòun ni?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tó tẹ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde ní 1968, fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé ẹsẹ Ifá ńlá ní ìpín 8. Àárín rẹ̀, níbi ẹbọ àti ohun tó tẹ̀lé e, ni awo ti láǹfààní láti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí kò gba bẹ́ẹ̀; bí a ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu olúwo ni a ó ṣe kì í.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹsẹ Ogbè Ògúndá tí púpọ̀ nínú wa mọ̀, ti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó lọ yan orí nílé Àjàlá: ọmọ Ògún, ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Afùwàpẹ́ nìkan ló yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀, tí wọ́n dífá fún un, tó sì rú iyọ̀ àti owó. Iyọ̀ náà ló fi kọ́ oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀ bí ọbẹ̀ ṣe ń dùn. (Iyọ̀ lásán, tí a kì í kà sí nǹkan lọ́jà!) Owó náà ló fi san gbèsè Àjàlá, tó ti sá pamọ́ sórí àjà nítorí olówó. Àjàlá sì bá a mú orí tó le. Orí tí àwọn méjì yòókù mú kò jinná. Òjò pa á lọ́nà, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Bí a bá dúró níbẹ̀, a ti sọ pé ẹni tó rúbọ là, ẹni tí kò rúbọ kò là. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọdé pàápàá mọ ìyẹn. Ìkádìí ló gbé ẹsẹ náà kọjá ibẹ̀. Àwọn tí ìyà jẹ bú sẹ́kún, wọ́n ń wá ibi tí olórí rere ti mú tirẹ̀. Èsì tí wọ́n rí gbà ni pé kò sí ibòmíràn, ilé kan náà ni gbogbo wa lọ, ìpín ni kò bára dọ́gba. Ẹ kíyè sí i: títí di ìgbà náà, “ó” àti “wọ́n” ni ẹsẹ ń sọ. Níhìn-ín ni ó di “a.” Ọ̀rọ̀ ti kúrò lára ọmọ Ògún, ó ti kan ẹni tó jókòó sórí ẹní. Obìnrin tí ọjà rẹ̀ kò tà, tí ti ẹni tí wọ́n jọ pàtẹ ń tà wàràwàrà, ti gbọ́ ọ̀ràn ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ó là á fún wa.

Ohun tí a ń gé nìyẹn. Àwọn kan ń gé e nítorí àkókò lórí pèpéle, àwọn kan nítorí pé ohun èlò ẹbọ ni ọkàn wọn wà. Àwọn tó burú jù, lójú tiwa, ni àwọn tí ń fi ìwàásù ara wọn rọ́pò rẹ̀. Kí awo ṣàlàyé lẹ́yìn ìkádìí kò burú rárá. Kí ó fi àlàyé gba ipò rẹ̀ ni a kọ̀.

Ẹ̀yin olúwo tí ẹ ń kọ́ ọmọ, ẹ̀bẹ̀ wa ni pé bí ọmọ-awo bá ń ki ẹsẹ, kí ẹ má ṣe gbà pé ó mọ̀ ọ́n títí yóò fi ki ìparí rẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi í pé ta ni “a” inú rẹ̀ ń bá wí. Bí kò bá rí ìdáhùn, kí ó padà síbi orúkọ awo tó dífá, kí ó tún un kì.